Ẹ Sọ Ọ́ Di Ọlọ́wọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Alàájì Ìsmáílà fi tún ògbólógbòó maṣíìnì ìránṣọ tí Ìyá Nàfísátù gbé wá fún ọmọ rẹ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣàngó.

Ó fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń sáré, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyá Nàfísátù, ó ti di tuntun!"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

"Alàájì, ẹ yọ pẹ́dà yẹn. Ẹ sọ ọ́ di ọlọ́wọ́."

"Ká má rí i! Ọ̀dọ́ ni ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà fà á lọ́wọ́ lọ sídìí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó wà níta.

Nàfísátù kí i láti inú rẹ̀.

Láti orúnkún rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin ló gé e lẹ́sẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjì kó wọ yunifásítì nígbà yẹn," ni ìyá rẹ̀ wí.

Alàájì padà wọlé, ó ń wá sípánà tó fẹ́ fi yọ pẹ́dà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì wà.