Ìjàpá Tí Kò Nílò Wáyà

Ó rẹ̀ mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà débi pé ká ní ẹnìkan pè mí lólè, “ẹ ṣeun” ni ǹ bá fi dá a lóhùn. Àmọ́ Bọ́dé ò jẹ́ n lọ sílé. Ọkọ̀ ìjàpá tí bàbá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ ń wúkọ́ lójú ọ̀nà oko, kò lè rìn.

“Ọ̀gá Rájí, ẹ gbà mí o! Ìyàwó mi ń rọbí nílé, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè gbé e.”

“Iná ló ń jò lára wáyà púlọ́ọ̀gì. Ṣíná ọkọ̀, kí o wá pa tọ́ọ̀ṣì. Òkùnkùn ló ń tú àṣírí wáyà.”

Mo ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Lóòótọ́, iná aláwọ̀ aró ń ta lára wáyà kan. Mo fà á yọ kí n lè fi tuntun sí i. Ó yẹ kí ikọ́ náà le sí i, ṣùgbọ́n ńṣe ló rọlẹ̀. Mo fa èkejì yọ, ẹ́ńjìnnì tún dún geere sí i. Irú wàhálà wo rèé? Mo fa gbogbo wọn yọ, mo kó wọn sọ́wọ́, ọkọ̀ sì ń dún lọ jẹ́jẹ́.

“Bọ́dé, pa á!”

“Mo ti pa á tipẹ́, ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ rèé.”

Ẹ̀yìn mi gan-an ni ohùn rẹ̀ ti wá.

Nígbà náà ni ẹnìkan wúkọ́ níbi ìjókòó awakọ̀. Tọ́ọ̀ṣì já bọ́ lọ́wọ́ Bọ́dé. Ó mọ ikọ́ náà.

Ilẹ̀kùn rọra ṣí. Mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan tí àárẹ̀ rẹ̀ ju tèmi lọ:

“Ẹ wọlé. Wọ́n ń dúró dè mí nílé.”