Ẹja Ọmọ Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ náà kò mọ nǹkan kan nípa ẹja àfi èyí tó bá wà nínú àwo ọbẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ra àpótí onígíláàsì ńlá kan sí pálọ̀. Ọkàn ọmọ náà kò lágbára. Kò lè sáré, kò lè fo okùn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà ó ní kí òkun wá bá òun nílé.

Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é. Wọ́n po iyọ̀ òkun mọ́ omi, wọ́n to àpáta sí i, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ẹja nínú rẹ̀, títí omi náà fi dára tó fún ohun ẹlẹ́mìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé iyùn tó wà láàyè síbẹ̀, irú èyí tó máa ń na ọwọ́ wẹ́wẹ́ bí iná bá tàn, tó sì máa ń ká a kò bí iná bá kú. Edé wẹ́wẹ́ mélòó kan tẹ̀ lé e, ẹja kan ló sì wọlé kẹ́yìn. Ó pupa bí ọsàn tó pọ́n, kò ju ìka ọwọ́ lọ, ìlà funfun mẹ́ta sì wà lára rẹ̀. Bó ṣe ń lé gbogbo ohun tó bá kọjá níwájú rẹ̀, ọmọ náà sọ ọ́ ní Ọ̀gá. Ọwọ́ ọmọ náà ni Ọ̀gá ti ń jẹun.

Nígbà tó yá, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Ìyá ọmọ gbà. Bàbá ọmọ kò gbà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ rí, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Láàárín àkókò yẹn náà ni Ọ̀gá kọ̀, tí kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yìn àpáta ló ń sá sí. Onígbàjámọ̀ rí i, àyà rẹ̀ já.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, Bàbá mi," ni ọmọ náà wí. "Àgbà ló ń dé sí i. Àgbà kì í jẹun lọ́wọ́ ọmọdé."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, Bàbá mi. Ẹ ṣáà bá mi tọ́jú Ọ̀gá. Níwọ̀n ìgbà tí Ọ̀gá bá ń lúwẹ̀ẹ́, èmi náà á padà wálé."

Lọ́jọ́ kejì, onígbàjámọ̀ bọwọ́ lùwé fún dókítà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmọ sí ọsibítù, bàbá rẹ̀ kò sinmi mọ́. Ó ń wọn iyọ̀, ó ń wọn ooru. Bí omi bá fà, omi lásán ló ń bù kún un, torí pé iyọ̀ kì í bá omi fà. Ó ń nu gíláàsì bíi pé orí oníbàárà ni. Ìyàwó rẹ̀, tó ń sùn lọ́dọ̀ ọmọ, bi í lórí fóònù bóyá ó ti jẹun. Ó ní Ọ̀gá ti jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó kúrò ní ọsibítù, ó sáré wá mú aṣọ nílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀, ooru pàdé rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti bàjẹ́. Ó ń gbóná lọ, kò kú nígbà tó yẹ kó kú. Àwọn iyùn ti káwọ́ kò. Ọ̀gá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí yanrìn, ojú rẹ̀ ti funfun.

Fóònù dún.

"Bàbá ọmọ, ibo lẹ wà? Wọ́n ti gbé e wọlé."

"Mo ń bọ̀."

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan."

Kò lọ sí ọsibítù. Ó yọ ẹ̀rọ náà, ó kọjú fáànù sí omi, ó sì sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ fún wọn, ẹni tí ọmọ ń pè ní Bùrọ̀dá Ẹlẹ́ja. Sálúbàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó débẹ̀.

"Ọ̀gá ti kú."

Bùrọ̀dá Ẹlẹ́ja la ẹnu, ó tún pa á dé. Kò béèrè bí ẹja náà ṣe rí. Ó lọ sídìí gíláàsì kan lẹ́yìn, ó fi àwọ̀n gbọ́n ọ̀kan jáde.

"Ìlà àárín ti Ọ̀gá já díẹ̀," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Mo mọ̀, sà. Èyí náà já díẹ̀."

"Jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́."

"Dídákẹ́ ti mọ́ mi lára, sà."

Wọ́n jọ padà sílé. Oòrùn ti yẹ àtàrí kí omi tó tutù. A kì í sì í da ẹja tuntun sínú omi lójijì, kó má baà kú. Bùrọ̀dá Ẹlẹ́ja fi rọ́bà tín-ín-rín fa omi àpótí sínú korobá tí ẹja wà, ó ń kán tó, tó, tó. Onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀ ti korobá náà. Ó mọ̀ pé ọsibítù ló yẹ kí òun wà. Ọwọ́ tó ti ń di abẹ mú láti ìgbà ọ̀dọ́, tí kò ya ẹnikẹ́ni lórí rí, kò lè di rọ́bà náà mú dáadáa. Fóònù ń dún, kò gbé e. Kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun kí ẹja tó wọ omi.

Ẹja wọ omi. Ó dúró sójú kan. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Onígbàjámọ̀ di ojú. Nígbà tó la ojú, ẹja náà ti ń lé edé kan kiri. Fóònù tún dún, ó gbé e.

"Bàbá ọmọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n ti ṣe tán. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa."

Nígbà tí wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀, ó wọ pálọ̀, ó rọra jókòó síwájú gíláàsì. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹja náà pẹ́.

"Ọ̀gá mà ti sanra," ló wí. "Ẹ ṣeun, Bàbá mi."

Onígbàjámọ̀ wọ ilé ìdáná lọ, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bojú, ó sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọ náà pe Bùrọ̀dá Ẹlẹ́ja lórí fóònù: "Èyí tí Bàbá mi rà lọ́wọ́ yín dára ju èyí tí èmi rà lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ láé pé Ọ̀gá gan-an ti kú kí n tó lọ sí ọsibítù, ẹ̀rù ló bà mí pé bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní bọwọ́ lùwé."