Lọ́fínńdà Alàgbà Olúsànyà

Alàgbà Olúsànyà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti inú, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Ó ní òun kò fẹ́ kí oníbàárà gbọ́. Lọ́fínńdà àdúrà ló ń tà fún àwọn ìjọ Aládùúrà, ní Oríta-mẹ́rin. Clara jókòó láàárín páálí, ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn bí ẹni tó mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀ níléèwé.

"Kí lo ní ò ń kà?"

"Kẹ́mísìrì ni, sà."

"Ó kù díẹ̀ kó di dókítà," ìyá rẹ̀ já a gbà. "Kò sí nǹkan olómi tí kò lè tú wò. Á sè é, á gba ooru rẹ̀, á sẹ́ ẹ, á sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín."

"Màámi, ó tó."

"Kí ló tó? Ta ló ń ra ìwé ọ̀hún?"

Alàgbà gbé ìgò méjì kalẹ̀, bákan náà ni wọ́n rí. Ó ní ọ̀kan jẹ́ tòun, èkejì jẹ́ ayédèrú tí ẹnìkan ń pò lórúkọ òun.

Clara nawọ́ sí tọwọ́ òsì. "Èyí ni ayédèrú."

"O ò tiẹ̀ ṣí i!"

"Àwọ̀ rẹ̀ ni, sà."

Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ayédèrú yìí ti bó ojú wòlíì kan ní Ọjà'ba," ni alàgbà wí. "Aṣọ ló fi ń bojú wàásù báyìí. Àwọn ọmọ ìjọ ń pè é ní Baba Eégún."

Clara kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ṣì ń ríran, sà?"

"Ó ń ríran. Ẹni tó po nǹkan yìí, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Ìwọ ni wàá bá mi wá a."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀kọ́ mi ò tíì parí. Ẹ wá ẹlòmíràn."

"Ẹ má dá a lóhùn, ojú ló ń tì í," ni ìyá rẹ̀ wí. "Nílé, á ti ara rẹ̀ mọ́ kíṣìnnì mi, á máa po nǹkan. Kì í mọ̀ pé ebi ń pa òun."

Clara tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Bí o bá kọ̀," ni alàgbà wí, "màá lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ ní yunifásítì kí wọ́n bá mi wá a. Ẹni tó po èyí kì í ṣe púrúǹtù."

Clara wo agádágodo ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wo ìyá rẹ̀, tó ti kúnlẹ̀ tó ń dúpẹ́.

"Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀, sà?"

"Báyìí báyìí."

Alàgbà Olúsànyà yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fi owó ọkọ̀ lé Clara lọ́wọ́ kó lè máa wá Clara kiri ìgboro.