Ife Omi Ọ̀gá

Kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ aṣọ wa tó lè ṣiṣẹ́ láràárọ̀, Ọ̀gá Adéṣakin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ létí odò, kó gbàdúrà, kó sì mu ife omi kan níbi tí páìpù wa ń da omi ìdọ̀tí sí.

Lónìí, Ìyá Olódò, tí ìjọba fi ṣọ́ omi, bu ife kan fún un. Omi náà pupa bí osùn.

"Ẹ má bínú, Ìyá, mo ń gbààwẹ̀ ni," ni ọ̀gá wí, tòun ti èérún àkàrà nírùngbọ̀n.

"Ọlọ́run á gbà á. Àwọn ẹ̀rọ yín náà á bá yín gbààwẹ̀."

"Àmín!" ni àwa òṣìṣẹ́ ké, kí a tó rántí pé ìdí ẹ̀rọ yẹn làwa náà ti ń jẹ.

Ọ̀gá nu irùngbọ̀n. "Ìgbà wo la máa ṣínu?"

Ìyá yọjú wo inú ife.

"Ọjọ́ tí mo bá rí ìsàlẹ̀ ife yìí."