Igi Tí Bàbá Fi Ṣe Ààlà

Dúró ná, ìwọ tí o ń kánjú kọjá. Gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan.

Ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló kù láyé tó lè jẹ́rìí sí igi kúkurú tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ààlà igbó létí odò. Onípákó, tó ń la gẹdú lódìkejì odò, ní òun ló ni igbó náà. Awọnlẹ̀ tí ìjọba rán wá jẹ́ àlejò ní àdúgbò. Ó ní, "Ibi tí Màmá bá ti rí igi náà, ibẹ̀ ni n ó kan èèkàn mọ́." Gbogbo wọn gbà.

"Ẹ má mikàn, Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wí. "Èmi ni ojú yín."

"Èèyàn laṣọ mi," ìyá dáhùn.

Àbúrò ní ẹrẹ̀ ti ba ọ̀nà ẹsẹ̀ jẹ́, ó sì fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé e. Ọkọ̀ náà yí lọ, yí bọ̀, kó tó dúró.

Awọnlẹ̀ àti Onípákó ti ń dúró dè wọ́n. Awọnlẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀ka igi kan dán an wò. Ìyá fọwọ́ bà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyekan rẹ̀ lèyí. Ewé èyí ń tẹ̀lé ara wọn bí ìṣísẹ̀. Ti bàbá mi, méjìméjì ló ń yọ, wọ́n á kojú síra bíi tọkọtaya tó ń jà."

"Màmá, ẹ ò tíì gbàgbé ìjà!" ni awọnlẹ̀ wí.

Àbúrò darí ọwọ́ rẹ̀ sí igi mìíràn tó dúró nílẹ̀. Igun mẹ́rin ni ọ̀pá rẹ̀ ní. Abẹ́ ewé rẹ̀ múlọ́múlọ́ bí etí ọmọ ajá, èso wẹ́wẹ́ sì ṣùjọ lábíyá ewé. Ìyá fọwọ́ ra ewé náà. Ó ta sánsán bí atalẹ̀.

"Ó ti rọ. Òjò sì rọ̀ lánàá."

"Oòrùn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Àtẹ́lẹwọ́ rẹ náà ti bó."

"Iṣẹ́ ni."

"Mi ò gbúròó odò."

"Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀."

Ìyá na ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run tó ń wo ọkàn gbọ́ mi: òun gan-an nìyí. N ò ní torí ilẹ̀ purọ́."

"Àmín!" Ti àbúrò ló ròkè jù. Onípákó kò jiyàn rárá. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì tún gbé ìyá yí po dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ọmọ ìyá mi," ó súre fún un, "àwọn ọmọ rẹ á ṣojú fún ọ bí o ti ṣojú fún mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jáde sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀ láti da omi àwo nù, orúnkún rẹ̀ kọlu èèkàn, ó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba igi onígun mẹ́rin náà nínú ilẹ̀ rírọ̀ tí àbúrò rẹ̀ ti hú u létí odò wá gbìn ín sí, gbogbo igbó láti ibẹ̀ dé odò ti di ti Onípákó. Ìwọ tí o ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká lọ sí ààlà ọmọ ìyá rẹ, mo bẹ̀ ọ́, yí padà.