Òróró Ólífì Lára Rọ́bà Baptistin

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní agbedeméjì o. Ẹ kà á dé òpin, torí ẹni tó bá dúró ní etí omi kì í rí ohun tó wà nísàlẹ̀.

1.
Ní Calaverne, èbúté kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Baptistin. Iṣẹ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn ni pé kí wọ́n wá ẹ̀rọ tí àwọn baba wọn fi ń mí lábẹ́ òkun láyé àtijọ́, kí wọ́n tún un ṣe. Èyí tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n á rọ irú rẹ̀ tuntun.

Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ náà: sílíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, agolo idẹ rìbìtì lórí rẹ̀, rọ́bà oníhò méjì gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn wá sẹ́nu. Ọ̀kan ń gbé èémí wọlé, èkejì ń gbé e jáde. Níbi tó ti ń jáde, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Ó ń lanu fún èémí, ó ń pa ẹnu dé mọ́ omi. Kékeré ni, àmọ́ ẹ̀mí ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ Baptistin, ti bàbá ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ sọ́run ni. Ìyàwó náà, Honorine, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó fi àjákù ẹ̀rọ mẹ́ta tò pọ̀. Ó burẹ́wà, ọmọdé ń fi í rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Pétérù Mímọ́, ní ìparí oṣù kẹfà, bí Fadá bá ti súre fún àwọn ọkọ̀ ojú omi tán, ẹnì kan á gbé ẹ̀rọ àtijọ́ kọ́rùn, á gbé òdòdó lọ sí ìsàlẹ̀ òkun fún àwọn tí òkun gbé lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Léonce, àgbà ẹgbẹ́ wọn, fi ṣe é. Orúnkún rẹ̀ wá kọṣẹ́. Ní oṣù kẹta ó na ìka sí Baptistin: "Ìwọ ni o."

2.
Bí ìgbéraga ṣe wọlé nìyẹn, tó jókòó, tó sì ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Baptistin bẹ̀rẹ̀ sí í dán idẹ títí ó fi ń rí mùsítáṣì ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó kúrò lórí idẹ, ó kan rọ́bà.

"Kí lo fi ń pa rọ́bà bàbá mi?" Honorine bi í.

"Òróró ólífì ni, igi tiwa ló so ó. Wò ó bó ṣe ń dán bí ẹ̀yìn ẹja!"

"Ọṣẹ àti páúdà nìkan ni bàbá mi máa ń lò fún un. Òróró máa ń jẹ rọ́bà."

"Èmi tí mo ti ń jẹ òróró láti kékeré, ṣé ó ti jẹ mí ni?"

"Ìwọ kì í ṣe rọ́bà. Rọ́bà a máa tẹ̀. Ìwọ ò tẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn Máàsì, Baptistin á gbé ìgò òróró rẹ̀ jáde.

3.
Àṣà wọn ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún, gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ òkun á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ọpọ́n òkúta tí àwọn ìyá àtijọ́ ti ń fọṣọ. Á ki ojú bọ omi, á máa mí, àwọn yòókù á sì kọ orin Màríà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí orin bá tán tí ẹnu rẹ gbẹ, o yege.

Ó kan Baptistin, ó fà sẹ́yìn.

"Bàbá Léonce, omi yín yìí máa ń fi àmì funfun sára idẹ. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an. Ẹ sì rántí pé mo ti ki ojú bọ̀ ọ́ ní oṣù kẹta."

"Ṣé èémí oṣù kẹta lo fẹ́ mí lọ́la ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Baptistin wé ẹ̀rọ rẹ̀ nínú aṣọ àlà bí ọmọ tuntun, ó kọjá lọ. Ó kan Honorine. Ó ki ojú tirẹ̀ bọ omi títí orin fi tán.

4.
Ilẹ̀ mọ́. Fadá súre, fèrè dún. Baptistin bọ́ sínú òkun, ó ń dán yanran, òdòdó lọ́wọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Kò tíì lọ sísàlẹ̀ ju gíga òrùlé ilé kan lọ nígbà tó mí èémí kan, tó mí ìkejì, ìkẹta sì jẹ́ omi iyọ̀. Òróró ti sọ ẹnu pẹ́pẹ́yẹ di jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, kò lè pa ẹnu dé mọ́. Omi ń wọlé bí ẹni tó wá sílé àna. Baptistin ju òdòdó sílẹ̀, ó sá gòkè.

Òdòdó ló kọ́kọ́ léfòó. Fadá yára ya àgbélébùú sí àyà rẹ̀. Orí Baptistin wá yọ, ó ń tu òkun jáde lẹ́nu àti nímú.

"Omi! Omi ni!"

"Omi ni mọ̀nà," Bàbá Léonce dáhùn. "Kí lo rò pé o máa bá níbẹ̀, ọbẹ̀ ẹja?"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín, àfi Honorine. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé itan. Rọ́bà tí bàbá rẹ̀ fi mí fún ogún ọdún ti wú, ó ń já sí i lọ́wọ́ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

"Baptistin," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "èémí bàbá mi ló wà nínú èyí."



Ni Honorine bá gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ tó burẹ́wà kọ́rùn, ó kó òdòdó lójú omi, ó wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ. Ìfófòó èémí rẹ̀ ń gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó padà yọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Fadá ṣí fìlà fún un.

5.
Nígbà oúnjẹ, wọ́n gbé sàláàdì dé. Bàbá Léonce gbórí sókè: "Òróró dà? Ẹ bá mi pe Baptistin!"

Láti ọjọ́ náà, Baptistin ló ń gbé òróró wá sí àjọ̀dún, orí ewé ló sì ń dà á sí. Òun náà ló ń kọ́kọ́ ki ojú bọ ọpọ́n. Ó ti rọ rọ́bà méjì tuntun fún ìyàwó rẹ̀, dúdú tí kò dán, páúdà lára wọn. Wọ́n jọ ti bàbá láìkù síbì kan. Àmọ́ bàbá kò mí nínú wọn rí.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ o! Ọ̀pọ̀ wa ló ń dán ara lọ sí ilé Ọlọ́run, tí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ọkàn wa kò lè pa dé mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Má gbọ́kàn lé àdúrà oṣù kẹta fún ìdánwò òní. Bí wọ́n bá ní kí o ki ojú bọ omi lónìí, tètè ki í bọ̀ ọ́, kí òkun má bàa bá ọ ṣe é lójú ayé. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fi òde tan ara rẹ̀ jẹ.

Àṣejù, baba àṣetẹ́.