Ẹsẹ̀ Tó Dúró

Ajá Mojírádé máa ń gbó mọ́jú ni, kì í jẹ́ kí Ṣìjúadé ọkọ rẹ̀ sùn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà fà á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwókù tó wà lẹ́yìn ìlú, ó so ó mọ́ òpó, ó wá sọ fún ìyàwó pé ajá sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mojírádé sunkún dọjọ́ kejì tí kò fẹnu kan oúnjẹ, ojú ti Ṣìjúadé. Ó padà lọ ní àṣálẹ́.

Ilẹ̀ ti ṣú. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnì kan níwájú, kò sì rí ènìyàn. Ó pe ajá lórúkọ: “Dúródèmí! Dúródèmí o!”

Ẹsẹ̀ náà dúró.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ajá sáré jáde, ó ń ju ìrù. Ẹnì kan ti tú okùn ọrùn rẹ̀. Ṣìjúadé gbé e, ó kọjú sílé. Bó ti ń rìn ni ẹsẹ̀ náà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà.

Mojírádé gbá ajá mọ́ra. “Bàbá Fadérera,” ni ó pe ọkọ rẹ̀, “ẹ ṣeun o. Ẹ ní kí àlejò yín wọlé, kí n bu omi fún wọn.”

Ṣìjúadé kò lè bojú wẹ̀yìn. “Èmi ni mo lọ so ó síbẹ̀,” ni ó wí. “Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

Ìta ni Mojírádé ń wò, níbi tí ẹsẹ̀ náà ti yí padà, tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.